Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Ń Gbèsì: Ìgbésí Ayé Dave Winer àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Àwa Tí A Wà Ní Ìdálẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a kà níbi ayẹyẹ ìkówójọ ẹgbẹ́ wa)

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ayẹyẹ yìí ní kí a wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ni pé kí a mú ẹnì kan tí ìgbésí ayé rẹ̀ lè kọ́ ẹgbẹ́ wa lọ́gbọ́n, kí a sì sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí pé a ó dárúkọ ọba kan, tàbí jagunjagun, tàbí òṣèlú ńlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa. Ẹni tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe, orúkọ rẹ̀ sì ni Dave Winer. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà fún ohun tí ayé ń pè ní podcast, èyí tí àwọn ọmọ wa máa ń gbọ́ lórí fóònù nígbà tí àwa bá rò pé orin ni wọ́n ń gbọ́. Bí ẹ bá fún wa ní sùúrù díẹ̀, ẹ ó rí i kí a tó jókòó pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n.

Fún ẹ̀yin tí orúkọ náà ṣàjèjì sí, podcast ni ọ̀rọ̀ ẹnu tí ènìyàn gbà sílẹ̀ tí ó sì fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀ láti máa gbọ́ ọ yóò máa rí i gbà lórí ẹ̀rọ wọn nígbàkígbà tí tuntun bá jáde, láìjẹ́ pé wọ́n tún ń wá a kiri. Ẹni tó ń lọ sọ́jà lè gbọ́ ọ, ẹni tó ń dáná lè gbọ́ ọ, ẹni tó wà lórí ibùsùn àìsàn náà lè gbọ́ ọ ní àkókò tó bá wù ú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sì ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò kankan.

ÀPÓTÍ ARA ÒGIRI

Kí a tó dé Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí a yà sílé ná. Àwọn àgbà tó wà láàrin wa yóò rántí àpótí kékeré kan tí a máa ń gbé kọ́ ara ògiri láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wáyà ni ohùn máa ń gbà wọ inú rẹ̀. Èkó ni ó kọ́kọ́ dé ní ọdún 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ ni onílé yóò gbọ́. Bí inú bá bí i sí ohun tí ó gbọ́, kí ó máa bá ògiri sọ̀rọ̀ ni. Àwọn bàbá wa wo nǹkan náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí kò sí èyí tó bá a mu jù ú lọ. Wọ́n pè é ní Asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í dúró gba èsì.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní 1959, ìjọba ló dá a sílẹ̀. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, ìjọba nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, títí di ọdún 1992 tí òfin fi àyè gba aládàáni, àti ọdún 1994 tí rédíò aládàáni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Títí di òní olónìí, ẹni tí yóò dá rédíò sílẹ̀ nílò ìwé àṣẹ, òpó gíga, ẹ̀rọ olówó ńlá àti àwọn onímọ̀ tí yóò máa tọ́jú wọn. Ẹgbẹ́ tí ó dàbí tiwa kò lè ronú kàn án. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ Dave Winer ti bá wa pàdé.

ÌBẸ̀RẸ̀ AYÉ RẸ̀

Ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún, ọdún 1955 ni a bí Dave Winer ní Queens, ní ìlú New York. Olùkọ́ ní yunifásítì ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn, ilé-ìwé ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló gba oyè ọ̀mọ̀wé, nítorí náà ilé ìwé ni a bí ọmọ sí. Ó jáde ní Bronx High School of Science ní 1972. Ó gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Tulane University ní New Orleans ní 1976, ó sì gba oyè kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní University of Wisconsin ní Madison ní 1978.

Ní 1979 ó wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta VisiCalc, ètò ìṣirò tó mú kí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí ra kọ̀ǹpútà kékeré. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe ètò kan tí ènìyàn lè fi to èrò ọkàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lórí kọ̀ǹpútà, bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń to ọ̀rọ̀ ìpàdé: orí ọ̀rọ̀ yóò wà lókè, ẹ̀ka rẹ̀ yóò wà lábẹ́, ọmọ ẹ̀ka yóò sì tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ náà kò rí iṣẹ́ yìí ṣe parí. Ní 1981 Winer fi wọ́n sílẹ̀, ó gbé iṣẹ́ náà lọ sílé ara rẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó pè é ní Living Videotext.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ìlú yìí láìní ẹbí nítòsí, ẹ mọ bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti rí. Fún ìgbà díẹ̀, ọjà kò tíì jáde. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan sí pálọ̀ rẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń gba ojú wáyà tẹlifóònù wọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ara wọn. Ní 1983 ni ThinkTank, ètò tí ó ti ń làkàkà lé lórí, jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Ní 1986 ó gbé òmíràn jáde fún Macintosh, ó pè é ní MORE. Ọjà náà tà dáadáa. Ní 1987 ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Symantec, ibẹ̀ ni ó sì ti di ọlọ́rọ̀.

Ẹni tí ó bá dé irú ipò bẹ́ẹ̀ láàrin wa, ilé ni yóò lọ kọ́ sí abúlé, yóò joyè, yóò sì máa sinmi. A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n Winer kò sinmi. Ní 1988 ó tún dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, UserLand Software, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó kàn wá ti bẹ̀rẹ̀.

ÀWỌN TÍ A PA LẸ́NU MỌ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1994, àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn ní San Francisco da iṣẹ́ sílẹ̀. Oníwèé ìròyìn tó bá da iṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò ròyìn tirẹ̀? Ẹni tí wọ́n ń bá jà ló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ronú, wọ́n sì gbé ìwé ìròyìn tiwọn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ṣì jẹ́ ohun tuntun nígbà náà. Winer wà lára àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó fi ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ mú kí títò ìwé náà yá. Ohun tí ó rí níbẹ̀ yí i lọ́kàn padà: ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti rí ọ̀nà tí yóò fi bá ayé sọ̀rọ̀.

Láti ọdún náà ni ó ti ń kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 1996, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ọ̀pọ̀ rò pé yóò dí àwọn ènìyàn lẹ́nu lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Winer ké sí gbogbo ayé pé kí oníkálùkù kọ èrò rẹ̀ nípa òmìnira ọ̀rọ̀ láàrin wákàtí 24. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló dáhùn, Bill Gates, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, sì wà lára wọn. Ní 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gé ibi tó le jù nínú òfin náà kúrò. Ní ọdún kan náà ni Winer bẹ̀rẹ̀ ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Scripting News, ó sì ti lé ní ọdún 25 tí ó ti ń kọ ọ́ bọ̀.

WÉBÍÌLÌ OHÙN

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó gba làákàyè díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fara balẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì di púpọ̀, ó di wàhálà láti máa lọ yẹ ojú ilé oníkálùkù wò bóyá ó ti kọ tuntun. Ní 1999 ilé-iṣẹ́ Netscape gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ń pè ní RSS. Ẹ fi wé pátákó ìfilọ̀ tí oníkálùkù gbé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà rẹ ń lọ kà fún ọ, tí ó sì ń padà wá sọ fún ọ pé, "Lágbájá ti kọ nǹkan tuntun." Winer mú RSS yìí, ó ń tún un ṣe, ó sì ń tàn án kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ni pátákó náà ń gbé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ẹnì kan tó ń jẹ́ Tristan Louis dá a lábàá pé kí a lè so ohùn àti àwòrán mọ́ ọn. Láàrin àkókò yẹn kan náà, Adam Curry, tó ti ṣe atọ́kùn orin lórí tẹlifíṣọ̀n MTV láti 1987 sí 1994, bá Winer sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Winer kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà ń wọ́ bí ìgbín. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìṣẹ́jú díẹ̀ lè jókòó dè é títí tí yóò fi sú u. Curry ní kí ni ènìyàn ń jókòó dè é sí? Kí kọ̀ǹpútà lọ gbé e wá lóru nígbà tí olówó rẹ̀ ń sùn. Bí ó bá jí láàárọ̀, ohùn ti wà nílé, kí ó kàn máa gbọ́ ọ ni.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Winer létí, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2000 ó fi ohun tuntun kan kún RSS. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti gáréèjì yóò tètè mọ̀ ọ́n, torí pé bí wébíìlì ni ó rí. Nǹkan mẹ́ta ni a kọ sí ojú rẹ̀: ibi tí ẹrù wà, bí ẹrù ti tóbi tó, àti irú ẹrù tí ó jẹ́. Kọ̀ǹpútà tó bá ka wébíìlì yìí yóò mọ ibi tí yóò ti lọ gbé ohùn wá. Ní ọjọ́ 11, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2001, Winer fi orin ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead kan dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni Apple kéde iPod, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ orin nínú àpò. Ọ̀nà ti wà, ọkọ̀ sì ti dé.

Síbẹ̀, ó tó ọdún méjì kí èrò tó wọ ọkọ̀ náà. Ní àárín ọdún 2002 àìsàn ọkàn dé bá Winer. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ọkàn rẹ̀ má baà dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó jáwọ́ nínú sìgá mímu, ó sì fi ipò ọ̀gá ní UserLand sílẹ̀. Ní 2003 ó lọ sí Yunifásítì Harvard, ó di ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbà sí ibùdó Berkman. Níbẹ̀ ni ó ti bá Christopher Lydon pàdé, gbajúgbajà oníròyìn rédíò tí kò sí lórí afẹ́fẹ́ mọ́ nígbà náà. Ní oṣù keje ọdún 2003 Lydon gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ó sì fi ọ̀rọ̀ wá Winer lẹ́nu wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ó bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀, Winer sì so àwọn ohùn náà mọ́ RSS. Oníròyìn tí kò ní rédíò ti padà ní olùgbọ́.

Ìgbà náà ni nǹkan yára. Ní oṣù kejì ọdún 2004, Ben Hammersley kọ ọ̀rọ̀ "podcasting" fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn Guardian ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Curry bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, Daily Source Code, ó sì gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó ń gbé ohùn láti orí RSS wọ inú iPod. Winer náà ń sọ̀rọ̀ lórí tirẹ̀ tó pè ní Morning Coffee Notes. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, Apple fi podcast sínú iTunes. Láàrin ọjọ́ méjì péré, ìforúkọsílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ṣe lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé atúmọ̀ èdè New Oxford American fi "podcast" ṣe ọ̀rọ̀ ọdún.

ÌJÀ ÀTI Ẹ̀BÙN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó lọ wẹ́rẹ́. Láti 2000 ni àwọn tó ń ṣe RSS ti pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń lọ sọ́tùn-ún, apá kejì ń lọ sósì, oníkálùkù sì ń pe tirẹ̀ ní RSS. Ọ̀rọ̀ líle kọjá láàrin wọn. Winer kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, àwọn alátakò rẹ̀ náà kò sì gbẹ́nu dákẹ́. Nínú ọdún 2003, àwọn kan kúrò níbẹ̀ pátápátá, wọ́n lọ dá òmíràn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Atom. Títí di òní, bí ẹ bá béèrè ta ni bàbá podcast, àwọn kan yóò ní Curry, àwọn kan yóò ní Winer, àwọn mìíràn yóò dárúkọ Lydon. Lójú tiwa, igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹnì kan dá àbá, ẹnì kan kọ ètò, ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹnì kan sì fún un lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Winer ṣe. Ní oṣù keje ọdún 2003, láàrin ìjà yẹn, ìwé àlàyé RSS kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ UserLand, a sì fi í sí abẹ́ Harvard pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó. A kò ní máa san owó fún Winer kí a tó lè sọ̀rọ̀ lórí podcast. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè jí lọ́jọ́ kan kí ó ti ilẹ̀kùn. Òun ni ó fà á tí ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí ní Ìbàdàn, tàbí ní ìlú tí a wà yìí, fi lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde lónìí lórí wébíìlì kan náà. Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

KÍ NI ÀWA YÓÒ FI ṢE?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ láàrin ara wa. Ní kò tíì pẹ́ púpọ̀, a sin bàbá kan nínú ẹgbẹ́ yìí. Ó wà lára àwọn tí ọkọ̀ ojú irin gbé wá sí ìlú yìí láyé àtijọ́. Ó mọ ilé tí a ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Ó mọ ẹni tó fún wa nílẹ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn onílẹ̀ àti àwọn bàbá wa jọ sọ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń ki àwọn ìdílé wa ní oríkì lọ́kọ̀ọ̀kan níbi ìkómọ. Ọjọ́ òkú rẹ̀, a pa màlúù, a rán aṣọ ẹgbẹ́, a gba onílù. Nígbà tí a parí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá ohùn bàbá wọn, a wo ojú ara wa. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó gbà á sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tí kò ní fóònù lápò.

Tẹ́lẹ̀ rí, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní òkè òkun. Ọmọ náà yóò gbọ́ ọ, yóò sunkún, yóò sì gba tirẹ̀ padà ránṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò dúró de ilé-iṣẹ́ rédíò. Nígbà tí ẹ̀rọ wá rọrùn tán ni àwa wá dákẹ́.

Ẹ wo àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn yẹn. Wọ́n gbọ́ èdè ìlú yìí, ó dára, torí pé ẹni tó ń gbé láàrin àwọn ènìyàn yẹ kí ó gbọ́ èdè wọn. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà wọn bá pe wọ́n láti ilé, ẹlòmíràn ló ń túmọ̀ fún wọn. Bí ó bá tún di ìran kan sí i, orúkọ nìkan ni yóò kù lára wọn tí a ó fi mọ̀ wọ́n ní Yorùbá.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni a mú wá síwájú ẹgbẹ́.

Èkínní: nínú owó tí a ó rí lónìí fún gbọ̀ngàn wa, kí a ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ fún gbígba ohùn. Yàrá tí ariwo títì kò wọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn kan, kọ̀ǹpútà kan. Kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a ń rà fún òkú méjì. Kí ọ̀dọ́ kan máa jókòó ti àgbàlagbà kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó bi í ní ìbéèrè ní Yorùbá, kí ó sì gba ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ mọ ẹ̀rọ, bàbá mọ ìtàn. Àwọn tó ti padà sílé àti àwọn tó wà lókè òkun yóò máa gbọ́ ọ, wọn yóò sì máa fún wa lésì.

Èkejì: kí ohun tí a bá gbà sílẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, kí a kọ ọ́ sínú ìwé òfin wa. Kí ó má jẹ́ ti alága, kí ó má jẹ́ ti akọ̀wé, kí ó má jẹ́ ti ọ̀dọ́ tó mọ ẹ̀rọ náà lò. A ti rí ẹgbẹ́ tó pín sí méjì torí àga àti ìlù. Ẹ rántí pé Winer tó lówó tó sì lágídí gbà kí ìwé tó ń jà lé lórí kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí ni ó sì wúwo jù: ẹnu tí kò ní ìlẹ̀kùn léwu. Lórí rédíò, olóòtú wà tí yóò ní, "Èyí kò ṣeé sọ." Lórí podcast, kò sí ẹni tí yóò dá ọ dúró. Ìròyìn èké ń gba ọ̀nà kan náà tí òtítọ́ ń gbà. Àwa tí a wà láàrin ẹ̀yà mìíràn, a mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè fà láàrin ọjà. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó. Kí ìgbìmọ̀ àgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa gbọ́ ohun gbogbo kí ó tó jáde, kí a sì máa pe àwọn onílẹ̀ wa náà wá sọ tiwọn, kí ìtàn bí a ti jọ gbé ìlú yìí ró lè pé.

Ní ayé àwọn bàbá wa, a kọ́ àpótí mọ́ ògiri, a sì ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ kí a gbọ́. Ọkùnrin ará New York yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ asọ̀rọ̀mágbèsì di ẹni tó ń gba èsì. Ọ̀nà ti là, a kò sì ní san owó ibodè. Àwọn àgbà tó kù láàrin wa kò pọ̀ mọ́. A lè ka wọn lórí ìka, wọ́n sì jókòó síwájú wa níhìn-ín. Kí ayẹyẹ tó parí, kí ọ̀dọ́ kan lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀kan nínú wọn, kí ó bá wọn dá ọjọ́.

 Ọlọ́run yóò dá ohun tí ẹ ná padà fún yín ní ìlọ́po. Ẹ̀mí àwọn àgbà wa yóò gùn. Ilé kò ní gbàgbé wa, àwa náà kò ní gbàgbé ilé o. Àṣẹ.